Ti Ọrùn Ta ni Kí Á Wò?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní Ìsẹ́yìn, mo jókòó sí abẹ́ àtíbàbà kan níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bíi méje ti ń hun aṣọ. Ẹni tí ó bá ti gbé ìlú náà rí mọ ohùn tí mo ń wí: igi ń lu igi, òwú gígùn tí a ta sílẹ̀ ń fà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú òkúta tí a gbé lé e nídìí, ojú aṣọ tí kò fẹ̀ ju bí ìnṣì mẹ́rin lọ sì ń gùn sí i níwájú ahunṣọ. Ọ̀kan nínú wọn dáwọ́ dúró, ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó sì fi àwòrán kan hàn mí. Àfihàn aṣọ kan ní ilẹ̀ òyìnbó ni. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń rìn bọ̀ nínú ẹ̀wù tí a fi aṣọ tí ó jọ aṣọ òkè rán. Mo rò pé ọmọkùnrin náà yóò bi mí ní iye tí wọ́n ń tà á. Kò bi mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wí ni pé, “Bàbá, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ta ni ó hun ún?”

N kò mọ̀. Mo wo ìsàlẹ̀ àwòrán náà: orúkọ ilé aránṣọ wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tí ó ya àwòrán wà níbẹ̀, orúkọ ọmọbìnrin tí ó wọ aṣọ náà pàápàá wà níbẹ̀. Ti ahunṣọ nìkan ni kò sí. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yìí kò ti jẹ́ kí n sinmi. Nígbà tí àwọn ilé aránṣọ olówó gọbọi ti ilẹ̀ òyìnbó bá kọjú sí wa, kí ni wọ́n ń wá? Ta ni wọ́n ń rí, ta ni ojú wọn sì ń fò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń wò. Àwọn ilé aránṣọ wọ̀nyí kì í ṣe aláìṣèlérí. Ní gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kéde pé àwọn bọ̀wọ̀ fún àṣà gbogbo ayé. Ó yẹ kí á wo ọrùn wọn kí á tó dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀ràn náà ti hàn sí gbogbo ayé, èyíinì ni Ṣáínà. Láti ìgbà tí owó ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni àwọn ilé aránṣọ Páríìsì àti Milan ti sọ ọ́ di ojú ọjà tí wọn kò gbọdọ̀ pàdánù. Bí ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹranko tí ó ni ọdún náà, ìbáà ṣe ajá, ìbáà ṣe ẹlẹ́dẹ̀ tàbí eku, ni wọn yóò máa yà sára báàgì àti ẹ̀wù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ilé Dolce & Gabbana ti ilẹ̀ Ítálì gbé fídíò jáde, nínú èyí tí ọmọbìnrin ará Ṣáínà kan ti ń fi igi ìjẹun méjì bá píísà wọ̀yá ìjà, bí ẹni tí kò rí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rí láyé. Inú bí àwọn ará Ṣáínà gidigidi. Àfihàn ńlá tí ilé náà ti múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ 21 oṣù náà ní Shanghai kò wáyé mọ́. Àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kó ọjà wọn kúrò. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin méjì tí ó dá ilé náà sílẹ̀ fi jókòó síwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, tí wọ́n tọrọ àforíjì, tí wọ́n sì fi èdè Ṣáínà parí ẹ̀bẹ̀ náà.

Àṣà Ṣáínà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ níyì ní ọdún 2018. Ó ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà púpọ̀ tí ó ti níyì. Ohun tí ó mú àwọn òyìnbó náà kúnlẹ̀ ni pé oníbàárà wọn kọ ọjà. Ọ̀wọ̀ tí a ń fún oníbàárà kò jinlẹ̀ ju àpò rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ni síbẹ̀. Ó ń mú kí olùtajà béèrè, kí ó fetí sílẹ̀, kí ó sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ẹni tí ó bá rò pé ojú tiwa kò rí irú ọ̀wọ̀ yìí rí ti gbàgbé ìtàn. Ìlú kékeré kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Ọ́stríà, létí odò Rhine, ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Swítsálándì. Lustenau ni orúkọ rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ ìlú náà ti ń ṣe aṣọ fún Nàìjíríà, èyí tí àwa ń pè ní léèsì. Ní ojú àwọn tí ó ń ṣe é, léèsì kọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Aṣọ tí a fi ẹ̀rọ gún òwú ọnà sí lára ni. Àwa ni a sọ ọ́ ní léèsì, orúkọ tí a sì sọ ọ́ ni ó mọ́ ọn lára. Nígbà tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé ní àwọn ọdún 1970, àwọn oníṣòwò wa, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin, wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Lustenau fúnra wọn. Wọ́n jókòó ti àwọn oníṣẹ́, wọ́n ní kí wọ́n mú àwọ̀ yìí tàn sí i, kí wọ́n sọ òdòdó yìí di ńlá, kí wọ́n dá ihò sí ibí, kí wọ́n fi òwú dídán kún ọ̀hún. Àwọn òyìnbó náà sì ń ṣe é bí wọ́n ti wí. Kódà nígbà tí ìjọba ológun fi òfin de kíkó irú aṣọ náà wọlé ní àwọn ọdún 1970 kan náà, ìfẹ́ wa sí i kò rọ̀. Ní ọdún 2010, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna ṣe àfihàn ńlá lórí ìtàn òwò yìí, wọ́n sì gbé e wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ní ọdún 2011.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àǹkárá. Ní ọdún 1846 ni a dá ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Vlisco lónìí sílẹ̀ ní ìlú Helmond ní Hóláńdì. Aṣọ alábẹ́là ti àwọn ará Java ni àwọn ará Hóláńdì ń fi ẹ̀rọ sín jẹ. Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ti wá rí ilé. Ní Lomé, àwọn obìnrin oníṣòwò tí gbogbo ayé mọ̀ sí Nana Benz, nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn, ni ó ń gba àwọn ọnà kan fún ara wọn nìkan, tí wọ́n sì ń sọ wọ́n lórúkọ. Òyìnbó a fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Orúkọ tí obìnrin ọjà bá fún un, tí ó lè jẹ́ òwe, tí ó lè jẹ́ èébú fún orogún, ni yóò tà á. Nígbà tí a dín agbára owó CFA kù sí ìdajì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, tí àwọn ayédèrú láti Ṣáínà sì ń pọ̀ lọ́jà lẹ́yìn náà, ọwọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí rọ. Vlisco pàápàá yí ọgbọ́n padà: ó sọ ara rẹ̀ di ilé aṣọ ọlọ́lá, ó sì ń ṣí ilé ìtajà tirẹ̀ ní àwọn ìlú ńláńlá wa. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí ẹnu obìnrin ọjà, aṣọ òyìnbó kò tà.

Nínú ìtàn méjèèjì yìí, oníbàárà ni a jẹ́, a sì mọ̀ pé oníbàárà ni a jẹ́. A ní ojú, a ní ẹnu, a sì lè sọ pé rárá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á wo apá kejì, níbi tí a kì í ti í ṣe oníbàárà mọ́, tí a wá di orísun tí ẹlòmíràn ń pọn omi nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, Stella McCartney, aránṣọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àfihàn ní Páríìsì, àǹkárá sì wà lára ohun tí ó gbé jáde. Ariwo sọ: àwọn aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó wọ aṣọ náà rìn, ìrán ẹ̀wù náà kò sì jìnnà sí ohun tí ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa lè wọ̀ lọ sí ọjà. Èsì tí ilé náà fọ̀ ni pé Vlisco ti Hóláńdì ni àwọn jọ ṣe ọnà náà. Òótọ́ ni. Ẹ̀sùn olè kò tilẹ̀ lè dúró lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí a dárúkọ: ẹni tí ó tẹ aṣọ ni Helmond ni. Àwọn tí ó ti ń sọ aṣọ náà lórúkọ, tí wọ́n ń fi í ṣe ìsìnkú àti ìkómọjáde láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sí nínú ìdúpẹ́ náà.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Nínú aṣọ àti báàgì tí Louis Vuitton gbé jáde fún ọdún 2007, a rí báàgì olójú ìlà pupa àti búlúù tí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ wa mọ̀ sí “Ghana-must-go”. Orúkọ náà kò ṣẹ̀yìn oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ, tí àwọn ará Gáńà pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n sì di ẹrù wọn sínú báàgì bẹ́ẹ̀ sá lọ. Ohun tí ó jẹ́ àmì ìtìjú fún wa àti omijé fún wọn di ohun ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ obìnrin olówó. Òyìnbó rí ìlà, ó rí àwọ̀, kò rí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn náà rìn.

Kí n má baà ṣe ìdájọ́ apá kan, ó yẹ kí n wí pé a ti rí èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ilé Dior ṣe àfihàn rẹ̀ ní Marrakech. Ilé-iṣẹ́ Uniwax ti Abidjan ni ó ṣe àǹkárá tí wọ́n lò, Dior sì dárúkọ wọn gbangba. Ó tún dárúkọ Pathé'O, aránṣọ àgbà ti Abidjan, tí ó bá wọn dá ẹ̀wù kan ní ìrántí Mandela. Ní ọdún yẹn kan náà ni Kenneth Ize, ọmọ Nàìjíríà tí ó dàgbà sí Ọ́stríà, wà lára àwọn tí ó dé ìpele ìkẹyìn nínú ìdíje LVMH. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ó gbé aṣọ òkè lọ sí Páríìsì, Naomi Campbell ni ó sì wọ èyí tí ó kẹ́yìn rìn. Ìlọrin ni ó ti ń bá àwọn ahunṣọ ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ tí ó fi léèsì ránṣẹ́ sí wa ni ọmọ wa ti kọ́ bí a ti ń fi aṣọ òkè ránṣẹ́ padà.

Ẹnìkan lè wí pé kí á tì ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohun tiwa. N kò sí lára àwọn tí ó ń wí bẹ́ẹ̀. Aṣọ òkè fúnra rẹ̀ kò dá wá. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó mọ́ jù lọ nínú okùn yìí ni sányán, tí a ń ran òwú rẹ̀ láti inú ilé tí kòkòrò kan ń kọ́ sára igi ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Òkè-Ògùn; àti ẹtù, tí ewé ẹ̀lú ń fún ní àwọ̀ aró dúdú. Ṣùgbọ́n àlàárì, tí ojú rẹ̀ pọ́n bẹ̀lẹ̀jẹ́, òwú ṣẹ́dà tí a fi ń hun ún láyé àtijọ́ sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà láti Tripoli kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, láti ilẹ̀ Yúróòpù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ṣẹ̀ wá. Òwú dídán tí a ń pè ní ṣáín-ṣáín, láti òkèèrè ni ó ti wá. Àwọn baba wa gbà lọ́wọ́ ayé, wọ́n sì hun ún di tiwọn. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ wí pé àwọn ará etíkun ni ó sọ ọ́ ní aṣọ òkè, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè ni ó ti ń bọ̀. Orúkọ tí aṣọ wa ń jẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹnu oníbàárà ni ó ti jáde. Nítorí náà, fífọwọ́ kan ohun tiwa kọ́ ni ẹ̀sùn mi. Ẹ̀sùn mi ni pé a ń mú iṣẹ́, a ń fi orúkọ oníṣẹ́ sílẹ̀.

Ibí ni ó ti yẹ kí n yí ìka náà padà sí ara mi. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ṣe ìgbéyàwó, aṣọ òkè ni a yàn fún gèlè, fìlà àti ìpèlé, léèsì sì ni bùbá àti ìró, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Mo mọ orúkọ aránṣọ. Mo mọ orúkọ ayàwòrán, mo mọ orúkọ ìyá tí ó se ọbẹ̀, mo mọ orúkọ onílù. Mo mọ ìyá aláṣọ tí ó ta á fún wa, mo sì ná an dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ara rẹ̀ pé òun kò ní í jèrè kọ́bọ̀. Ta ni ó hun ún? N kò béèrè. Lábẹ́ àtíbàbà ní Ìsẹ́yìn, nígbà tí mo ń wá orúkọ ahunṣọ nísàlẹ̀ àwòrán òyìnbó, mo rántí àwòrán ìgbéyàwó tí ó wà lára ògiri ilé mi. Bákan náà ni àwọn méjèèjì rí.

Ó tún kù. Aṣọ tí ẹ̀rọ hun ní Ṣáínà ti wà lọ́jà wa báyìí tí a ń pè ní aṣọ òkè, gẹ́gẹ́ bí ayédèrú àdìrẹ ti kún ọjà Abẹ́òkúta. Kò ṣòro láti dá a mọ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: aṣọ òkè gidi ní ojú ìsopọ̀ ní bí ìnṣì mẹ́rin mẹ́rin, níbi tí a ti rán àwọn ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀, ti ẹ̀rọ fẹ̀ lọ ràì bí ẹní. A mọ̀, a sì ń rà á. Mo gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń wí: owó kò sí, aṣọ ẹbí sì ti pọ̀ jù nínú oṣù kan. Àwáwí kọ́ ni. N kò ní kí ẹni tí kò ní owó lọ jẹ gbèsè nítorí gèlè. Ohun tí mo ní kí ó ṣe kò ná an ní kọ́bọ̀: kí ó má pe ti ẹ̀rọ ní aṣọ òkè. Orúkọ ni ohun ìní ìkẹyìn tí ahunṣọ ní. Àwa ni a kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í pe òwú lásán tí a fi aró pa láwọ̀ sányán ní sányán.

Àwọn kan wà tí wọn kò jẹ́ kí orúkọ tiwọn sọnù. Ní àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì, àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ hun aṣọ onírun àgùntàn tí a ń pè ní Harris Tweed. Ní ọdún 1993, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé aṣọ tí àwọn ará erékùṣù náà kò bá hun nínú ilé ara wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn. Òǹtẹ̀ wà lára aṣọ náà. Ilé aránṣọ tí ó wù kí ó jẹ́, bí ó bá fẹ́ lò ó, yóò dárúkọ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, UNESCO kọ iṣẹ́ híhun kẹ́ńtẹ́ ti àwọn ará Gáńà sínú ìwé ohun àjogúnbá ọmọ aráyé. Kí ni ó ń dí wa lọ́wọ́? Ìsẹ́yìn ní òfì, ó ní ọ̀dọ́ tí ó ń jókòó tì í, ó ní orúkọ tí ó ti dún ṣáájú kí a tó bí baba wa. Kí àwọn ahunṣọ fi àmì tiwọn sí ìdí aṣọ. Kí ìyá aláṣọ lè dárúkọ ẹni tí ó hun ohun tí ó ń tà. Kí àwa tí a ń rà á sì béèrè, nítorí oníbàárà tí ó bá béèrè ni a ń dá lóhùn. Ohun tí àwọn ìyá wa ṣe ní Lustenau nìyẹn, lórí aṣọ tí kì í ṣe tiwọn. Ó kù kí á ṣe é nílé, lórí èyí tí ó jẹ́ tiwa.

Ẹtù kan wà nínú àpótí tí ìyá mi fi sílẹ̀. Ó ti gbó. Ìdí rẹ̀ ti ya, aró rẹ̀ ti ṣá níbi tí ó ti máa ń ká a lé èjìká. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ilé aránṣọ Páríìsì lè ní aṣọ tí ó pọ̀ ju tiwa lọ. Kò lè ní àkísà yìí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ni ín, bí ọmọkùnrin Ìsẹ́yìn nì bá bi mí lónìí pé ta ni ó hun ún, n kò ní ohun tí mo lè wí. Ìyá mi mọ̀ ọ́n. Èmi ni n kò béèrè nígbà tí ẹni tí ó lè dá mi lóhùn ṣì wà láyé.